Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Yàrá Kẹtàdínlọ́gbọ̀n?

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí tì mọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélógún ni mo ti lò ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, èmi ni olórí àwọn obìnrin tó ń tún yàrá ṣe, mo sì mọ àwọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ bí mo ṣe mọ orúnkún mi méjèèjì, èyí tó ń dùn mí àtèyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní irin sípíríǹgì lókè. Bí èèyàn bá ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á rọra padà, wọ́n á tì fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí òfin wa àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé kí obìnrin tó bá wọ yàrá lọ ṣiṣẹ́ fi tírọ́lì dí ẹnu ọ̀nà. Tírọ́lì ni kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́rin tí a ń kó táwẹ̀lì, ọṣẹ àti aṣọ ìnulẹ̀ sí. Bó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ò lè tì, ẹni tó ń kọjá á rí ọ, ìwọ náà á rí i.

Mo fi tírọ́lì dí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì rẹ̀. Mo kọjú sí pẹpẹ, mo ń ka táwẹ̀lì, mo ka dé ìkẹtàlá, ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn mi. Ìta ni wọ́n fi bọ́tìnnì iná yàrá náà sí, ìyẹn ni pé òkùnkùn bò mí lójú ẹsẹ̀. Mo gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ta mí kí igbákejì máníjà tó wá ṣí i. Tírọ́lì mi wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó tó ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí mo fi í sí. Táwẹ̀lì kan ò yẹ̀ lórí ẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ti ara yín mọ́lé fún?"

"Èmi kọ́ ni mo tì í."

Ó wo tírọ́lì, ó wò mí. "Ta ló wá tì í?" Ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn.

Òkùnkùn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú, pẹ̀lú irú ohùn kan náà, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń bi nígbà náà.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Èmi ni mo mú un wá síbi iṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Oníbéèrè ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í béèrè: kí ló dé tí ìrọ̀rí fi ń jẹ́ mẹ́rin fún ẹni tó ní orí kan ṣoṣo? Àlejò kan wà tó máa ń dé sí yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n lóṣooṣù. Alága la sọ ọ́, nítorí bó ṣe máa ń jókòó bí ẹni pé ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Máníjà fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde lọ kí i. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ yìí ń fọ balùwẹ̀ yàrá náà lọ́wọ́, Alága wọlé bá a, ó fipá bá a lò pọ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi rìn dé ọ́fíìsì máníjà.

Wọ́n pe ìpàdé ní ọjọ́ kejì. Máníjà wà níbẹ̀, igbákejì rẹ̀ wà níbẹ̀, akọ̀wé àgbà wà níbẹ̀, obìnrin bíi tiwa. Èmi náà jókòó, nítorí abẹ́ mi ni ọmọ náà wà. Akọ̀wé àgbà ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo fi tírọ́lì mi sẹ́nu ọ̀nà."

"Kò sẹ́ni tó rí tírọ́lì kankan níbẹ̀. Kí lo wá ń ṣe pẹ̀lú ọkùnrin nínú yàrá tó wà ní títì?"

Wọ́n bi í pé ṣé ó pariwo. Wọ́n bi í pé ṣé kì í rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Wọ́n tilẹ̀ bi í pé bàtà wo ló wọ̀. Lẹ́yìn náà ni máníjà kọjú sí mi: "Màmá, kí ni òfin wa wí?"

Mo ní: "Òfin ni pé kí tírọ́lì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Irọ́ kọ́. Akọ̀wé àgbà kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà wò mí, mo wo ọwọ́ mi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù kí ẹ̀rù tó tún bà mí: èmi ni mo gbé tírọ́lì náà. Táyà tèmi ti há, àwọn àlejò tó tó ogójì ń bọ̀ kí aago mẹ́ta tó lù, gbogbo yàrá òkè pátá ni a kò tíì tún ṣe. Mo kọjá, mo rí tírọ́lì tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo gbọ́ omi tó ń dà nínú balùwẹ̀. Mo fà á kúrò. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, màá dá a padà. Ilẹ̀kùn náà ń rọra tì lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń lọ, mo sì ń lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti tírọ́lì náà wọ yàrá aṣọ, mo fi rágì nu ibi ìdìmú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n nù ún. Bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́. Ọdún mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà mí, ẹ̀rù àbúrò mi sì tún ju ìyẹn lọ.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ilẹ̀kùn ò fi mí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi tì mọ́ mi nígbà tí ìkòkò wà lórí iná. Ọkọ mi ṣí i, ó ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ tí o fi ní láti tilẹ̀kùn?" Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwòsàn tì mọ́ mi, nọ́ọ̀sì bínú, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò rí ohun tí a kọ síbẹ̀ ni, pé kẹ́ ẹ má tì í?" Gbogbo wọn ló ń béèrè, kò sì sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò dáhùn mọ́. Ó máa ń rẹ èèyàn láti máa sọ òótọ́ tí ẹnì kankan ò gbà. Mo wá ń tọrọ àforíjì fún ohun tí mi ò ṣe, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n kọjá.

Káfíńtà òtẹ́ẹ̀lì nìkan ni kò bú mi. Ó yọ sípíríǹgì ilẹ̀kùn yàrá aṣọ kúrò pátápátá, síbẹ̀ ilẹ̀kùn náà tún tì mọ́ mi. Ó fọwọ́ pa igi rẹ̀ lọ, pa á bọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀kùn tí kò ní sípíríǹgì kì í padà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló ń tì í."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa mọ ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀." Ó ṣí ìwé kékeré tó máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Láti ọjọ́ kìíní, kò ṣẹlẹ̀ rí kí aago kan ọ̀sán tó lù. Kò sì kọjá mẹ́rin rí."

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí di ọjọ́ Àìkú, tí mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Aránṣọ ni, iwájú ilé ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ó ti rù. Kò dìde kí mi, ó kàn ti àga sọ́dọ̀ mi.

"Ó ń sùn," ó ní. "Kì í sùn lálẹ́ mọ́. Ọ̀sán nìkan, láti aago kan títí di mẹ́rin. Bó bá sì ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi."

Ó ní kí n wọlé lọ wò ó. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ dì, èémí rẹ̀ ń lọ déédéé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó ń ti afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí apá rẹ̀ fi nà tán. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá tì lẹ́yìn mi. Mo yí padà, mo gbá a.

Àbúrò mi ṣí i láti ìta. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tilẹ̀kùn fún?" Kò dúró kí n fèsì. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi í ní ìbéèrè yẹn, pé kí ló dé tó fi tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ àti ọkùnrin. Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìwàkiwà. Ó ní kóṣù yìí tó parí, kó wá ibi tó máa gbà."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kóṣù parí. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo tún pa á dé, mo ní Ọlọ́run á ṣe é, mo lọ sílé.

Ní Ọjọ́rú, Alága padà wá, ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Yàrá kan náà. Máníjà pè mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ tún yàrá yẹn ṣe. Ẹ̀yin ti dàgbà, kò ní sí wàhálà." Mo ro gbólóhùn yẹn títí mo fi gun àtẹ̀gùn tán. Ẹni tó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wàhálà wo ló ń sá fún?

Aago méjì ti lù díẹ̀. Wọ́n ní ó ti jáde. Mo fi tírọ́lì dí ẹnu ọ̀nà, mo tẹ bíréèkì, mo tún fi ìgbálẹ̀ há táyà rẹ̀. Mo ń bọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn tì. Lẹ́yìn náà ni ti balùwẹ̀ ṣí, Alága sì jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí.

"Ìwọ lo tilẹ̀kùn," ó ní.

"Rárá, sà."

"Èmi náà mọ̀ pé ìwọ kọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Mo ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí. Mo ti bímọ mẹ́rin, mo ti sin ìyá àti bàbá mi. Mo la ẹnu láti pariwo, n kò rí ohùn. Wọ́n bi ọmọ yẹn pé ṣé ó pariwo, èmi náà sì jókòó níbẹ̀, mo ń rò ó lọ́kàn mi pé èmi ì bá ti pariwo. Ó fa àga, ó jókòó. "Tún bẹ́ẹ̀dì ṣe," ó ní. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ, mo sì tẹ́ ẹ tán, mo ká etí rẹ̀ dáadáa. Ìtìjú ìyẹn ṣì wà lára mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn kọ̀. Ó fà á, ó tì í, ó fi èjìká gbá a. "Ṣí i!" ó ní. Mo ní èmi kọ́ ni mo tì í. Àwa méjèèjì wá gbọ́ ọ: àtẹ́lẹwọ́ kan wà lódì kejì, ó ń fi ara pa igi ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Alága fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí a fi dúró báyẹn, àwa méjì tí a ò lè wo ara wa. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan figbe ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò sẹ́nì kan níta. Tírọ́lì wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ìgbálẹ̀ mi wà lórí rẹ̀, wọ́n fi í lélẹ̀ gbọọrọ. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú.

Ó sáré kọjá lára mi. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó ti sọ tẹnu rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ tilẹ̀kùn mọ́ àlejò wa fún?" Máníjà ló béèrè.

Mo ní: "Èmi kọ́ ni mo tì í lónìí. Ọmọ yẹn náà kọ́ ló tì í nígbà yẹn. Èmi ni mo gbé tírọ́lì rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Akọ̀wé àgbà ló kọ́kọ́ fèsì: "Ẹ̀yin lẹ wá fa gbogbo ẹ̀ nìyẹn!" Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí ló dé tí mo gbé e? Kí ló dé tí mi ò sọ? Àgbàlagbà bíi tèmi? Ẹ̀jẹ̀ ara mi? Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rí máníjà tó tọrọ gáfárà, ó jáde lọ sin Alága dé ìdí ọkọ̀, ó ń bá a gbé báàgì. Wọ́n ní akátá là ń kọ́kọ́ lé lọ ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Adìyẹ kan ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n mú òmíràn. Wọ́n ti fi akátá sínú ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n má padà wá lọ́la.

Láti ibẹ̀ ni mo gba ilé àbúrò mi lọ. Ọmọ náà ti jí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó. Ìyá rẹ̀ ní igbe ló fi ta jí, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ku ogún. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo ti pọ̀n rí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Mo mọ̀, Màmá," ọmọ náà ní. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ti pẹ́ tó lò ó kẹ́yìn. "Mo gbọ́ ìró táyà rẹ̀. Mo ké pè yín láti balùwẹ̀. Ẹ dáhùn, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dáhùn. Mo fo ìyẹn nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún máníjà, mo sì fò ó fún ẹ̀yin náà lẹ́ẹ̀kan.

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún wọn?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mọ́mì, mo rò pé Màmá máa sọ ọ́ ni."

Mi ò lè gbójú sókè. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, pẹ̀lẹ́. Ó ní bí òun bá ti sùn, òun máa ń bá ara òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Obìnrin kan máa ń wọ yàrá lọ, òun kì í rí ojú rẹ̀, òun á gbé tírọ́lì rẹ̀ kúrò, òun á tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òun ò fẹ́ tì í, ọwọ́ òun ni kì í gbọ́. "Bí mo bá wá tì í tán, èmi náà á máa bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn tí mo tì í tán, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn nínú yàrá. Ni mo bá pariwo."

Àbúrò mi fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀, èjìká kan èjìká. Ó kọjú sí i.

"Kí lorúkọ ọkùnrin náà?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló ti kọjá, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí. Ọmọ náà dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ẹfun tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sára tábìlì. "Bí bàbá rẹ bá dé, orúkọ yìí la máa bá a sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Lọ́la, a ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. O ò sì ní kúrò nílé yìí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ni kó kó ẹrù." Mo bú sẹ́kún, mo sun ún tìtìjútìtìjú.

Ẹjọ́ náà ń lọ bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ọmọ náà ti ń sùn lálẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn kankan ò tì mọ́ mi. Mo ti rò pé ó parí, àfi bí káfíńtà, tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, ṣe pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ó ní ilẹ̀kùn yàrá kẹsàn-án tì mọ́ akọ̀wé àgbà ní aago méje, ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí i yọ.

"Ṣé ọmọ yín ń sùn ni, Màmá?"

"Iwájú mi ló wà yìí, ó ń jẹun."

"Ta ló wá ń sùn?"

Mi ò rí oúnjẹ mi jẹ mọ́. Mo mú bébà, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ọmọbìnrin tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi fún ọdún méjìlélógún, àwọn tó ṣàdédé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, tí mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Mo ka mẹ́fà. Ẹni kejì ń gbé ní òpópónà tí kò jìnnà sílé mi. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò tíì pé aago mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀ ló jáde, ó fìka kan ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, mà. Ó ń sùn. Àárọ̀ nìkan ló máa ń rí oorun sùn, ọdún kọkànlá rèé."

Mo ní kò burú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta wọn, mo ń dúró dè é kó jí.